Akoto Tí Mo Fi Gbọ́n Omi Ọkọ̀ Bàbá

Tí mo bá ti gbóòórùn ọ̀dà tí wọ́n ń sè, ì báà jẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tún títì ṣe, èbúté àwọn àna mi ni ọkàn mi máa ń sá lọ. Etí odò Yewa ni èbúté yẹn wà, tó o bá ti kọjá Òkè-Ọ̀dàn díẹ̀, tó o yà sí ọ̀nà eléruku pupa kan tó máa ń kun èèyàn bí osùn. Òórùn mẹ́ta ló máa ń pàdé ẹ níbẹ̀: ọ̀dà tí bàbá ìyàwó mi fi ń dí ojú pákó ọkọ̀ ojú omi, ẹja tí àwọn obìnrin ń yan, àti odò fúnra ẹ̀, tó máa ń rùn bí ìgbà tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí àmù tó ti pẹ́. Ìwọ náà á ti gbọ́ irú òórùn bẹ́ẹ̀ rí. Ní tèmi o, mi ò lè gbọ́ ọ kí ojú má tì mí.

Mẹkáníìkì ọ̀kadà ni mí ní Ìlaròó. Ìwé mi ò pọ̀. Kíláàsì kẹta ní sẹ́kọ́ńdìrì ni èmi àti ìwé ti dágbére fún ara wa, kò sì sí ẹni tó sunkún nínú àwa méjèèjì. Ohun tí mo ní dípò ìwé ni ẹnu. Tí ọ̀kadà oníbàárà bá kọ̀ tí ò jí, màá máa pa oníbàárà lẹ́rìn-ín títí màá fi rí ohun tó ṣe é, nígbà tí màá fi rí i, inú tó ń bí i á ti rọ̀. Mo wá rò pé bí gbogbo ayé ṣe rí náà nìyẹn: ohunkóhun tó bá ti dákú, sáà fi ẹsẹ̀ ta á dáadáa, ó máa jí.

Ọdún mẹ́rin lèmi àti ìyàwó mi fi wá ọmọ. Télọ̀ ni ìyàwó mi, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹnu tèmi ti tó àwa méjèèjì. Nígbà tí oyún wá dúró, ó ra aṣọ funláànù kan, yẹ́lò bíi pupa ẹyin, ó ní òun máa fi rán ìbora ọmọ. Àmọ́ kò gé e. Ó ká a sínú àpótí ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀, ó ní àwọn ìyá òun kì í rán aṣọ fún ọmọ tí ojú ò tíì rí. Ní oṣù keje, ọmọ dé. Kò ké.

Ìgbà tí mo sáré dé ọsibítù, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ṣì wà lọ́wọ́ mi, ìyàwó mi dùbúlẹ̀, ó ń wo àjà. Nọ́ọ̀sì jáde fún wa. Mo wá ohun tí màá sọ, mi ò rí nǹkan kan. Ẹnu mi ló bá mi rí i. Mo ní, "Má dààmú ara ẹ jàre. A ó ṣe òmíràn. Ẹ́ńjìnnì ò kúkú tíì nọ́ọ̀kù." "Nọ́ọ̀kù" la máa ń sọ ní ṣọ́ọ̀bù tí ẹ́ńjìnnì bá kú pátápátá. Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀, kó lè mọ̀ pé àwàdà ni. Ìyàwó mi yíjú sí ògiri.

Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, mi ò jẹ́ kó sinmi. Láàárọ̀, màá yí rédíò sókè. Lọ́sàn-án, màá ní kí àwọn obìnrin ọgbà wa wọlé wá bá a ṣeré. Mo ra móòtì fún un títí olúwa ẹ̀ ò fi lè wo ìgò móòtì mọ́. "Dìde, jẹ́ ká jáde, kí atẹ́gùn fẹ́ sí ẹ." "Rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣé o ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni?" Kò sunkún, ẹkún ọmọ tó lọ yẹn, mi ò rí ẹ̀kán kan lójú ẹ̀. Mo wá ń sọ fún àwọn èèyàn pé ó ti ń gbádùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ti ṣọ́ọ̀bù wá jẹun, ilẹ̀kùn wà ní títì. Obìnrin ilé kejì ló na kọ́kọ́rọ́ sí mi, kò wojú mi. "Ó ní ká sọ fún yín pé òun ti lọ sílé bàbá òun."

Àṣà kan wà ní èbúté wọn. Àna tó bá wá bẹ̀bẹ̀ kì í wọlé. Ìta, létí odò, ló máa jókòó sí, lórí ọkọ̀ tí wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀, lójú gbogbo ayé, títí wọ́n á fi dá a lóhùn. Ọkọ̀ bàbá ìyàwó mi gan-an ni wọ́n fi mí jókòó lé, èyí tó kàn fún ara ẹ̀, tó fi ń gbé àwọn ẹlẹ́ja sọdá. Ọyẹ́ ọdún yẹn le. Ọkọ̀ ọ̀hún ti gbẹ lórí ilẹ̀ débi pé ojú pákó ẹ̀ ti là, ó sì gé ṣòkòtò mi jẹ nídìí. Mi ò lè dìde, mi ò sì lè pariwo. Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja ń kí mi bí ìgbà tí mo wá gba oyè. "Àna wa, ẹ kú ìjókòó o!" "Àna wa, ṣé ó rọ̀ yín lọ́rùn?" Ìyàwó mi wà láàárín wọn, èéfín bò ó lójú. Kò yíjú.

Ó tó wákàtí méjì kí Bàbá tó wá. Èèyàn gbẹrẹfu kan ni, ọwọ́ ẹ̀ dúdú fún ọ̀dà, kì í gbé ohùn sókè, pákó ló ń bá gbé láti kékeré, pákó kì í fèsì. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú iyẹ̀pẹ̀, ṣòkòtò mi ya.

"Bàbá, ẹ ṣàánú mi."

"Àánú ò ṣòro. Kí lo ṣe?"

"Mo sọ̀rọ̀ kan ni, sà."

"Ọ̀rọ̀ wo?"

Èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́, mi ò lè tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ níwájú ẹ̀. Bàbá wá jókòó lé ìdí ọkọ̀.

"Ìwọ tó o mọ ọ̀rọ̀ sọ, jẹ́ n fún ẹ ní àlọ́ kan. Ọkọ̀ kan ń rì lójú odò. Ẹni tó ni ín dúró létí omi, ó ń wò ó. Ó mọ̀ ọ́n wẹ̀. Igbá ìgbọ́nmi wà lọ́wọ́ ẹ̀. Kò wọ omi, kò gbọ́nmi, kò ké sí ẹnì kan. Wọ́n bi í pé ṣé orí ẹ̀ pé, ó ní orí òun pé. Kí ló dé tí ò gba ọkọ̀ ẹ̀ là?"

"Bàbá, tí mo bá já a ńkọ́?"

"Wá mú ìyàwó ẹ máa lọ. Tó ò bá já a, má wulẹ̀ mú un, torí wàá tún dá a padà."

Nígbà tí mò ń padà lọ, àwọn aṣọ́bodè dá mi dúró lọ́nà, wọ́n ní kí ni mo gbé. Mo ní ìtìjú ni. Wọ́n yẹ abẹ́ ìjókòó ọ̀kadà mi wò bóyá lóòótọ́ ni.

Ìwọ rò ó wò. Èmi tí ìṣirò ti lé kúrò nílé ìwé, àlọ́ ni wọ́n fi de ìyàwó mi mọ́lẹ̀. Oúnjẹ ò wọlé. Mo tú ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà kan palẹ̀, mo tò ó padà, nọ́ọ̀tì mẹ́rin ṣẹ́ kù lọ́wọ́ mi, mo fún oníbàárà mọ́ ọ̀kadà ẹ̀. Tí mo bá dijú, ọkọ̀ ni mò ń rí, tó ń wọ omi lọ díẹ̀díẹ̀, ọkùnrin kan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó ń wò ó bí ẹni ń wo ẹran tó ń jẹko. Mo kórìíra ọkùnrin yẹn. Mo máa ń pè é lórúkọ burúkú níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Tí mo bá pe fóònù ìyàwó mi, obìnrin inú fóònù tó máa ń sọ pé nọ́ńbà yẹn ò lọ ló ń dá mi lóhùn. Òun nìkan ni obìnrin tó ń bá mi sọ̀rọ̀ nígbà náà.

Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì wà nínú ọgbà wa, ẹ̀gbọ́n la máa ń pè é. Òun ni mo gbé àlọ́ náà lọ bá. Ó bọ́ awò ojú ẹ̀, ó nù ún, ó rẹ́rìn-ín sí mi bíi pé ọmọ kíláàsì kejì ni mí.

"Èyí ò ju ìbéèrè kékeré lọ. Ìnṣọ́ránsì ni."

"Kí nìyẹn, ẹ̀gbọ́n?"

"Ọkùnrin yẹn ti bá iléeṣẹ́ kan ṣàdéhùn pé tí ọkọ̀ òun bá rì, wọ́n máa fún òun ní òmíràn. Kí ló wá fẹ́ torí ẹ̀ ki ara bọ omi?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Àṣé báyìí ni orí àwọn tó kàwé tán ṣe máa ń ṣiṣẹ́! Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, ìyẹn ọjọ́ karùn-ún, mo wọ ṣòkòtò tó dáa, mo gba èbúté lọ. Mi ò tiẹ̀ jókòó tán lórí ọkọ̀ tó ń géni jẹ yẹn tí mo fi sọ ọ́. Bàbá ń la òwú tí yóò fi dí ojú pákó. Ó dáwọ́ dúró.

"Òmíràn, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Wọ́n á fún un ní òmíràn."

"Ṣé torí pé òmíràn ń bọ̀, èyí tó lọ wá dà bíi pé kò wá rí?"

Ohùn ẹ̀ ò le. Ká ní ó le ni, ǹ bá rí nǹkan fi gbèjà ara mi. Ńṣe ni mo gbọ́ ohùn ara mi nínú ọsibítù, "A ó ṣe òmíràn," ó ṣe kedere létí mi bíi pé ẹnìkan yí rédíò sókè. Mi ò mọ̀ títí dòní bóyá ìyàwó mi ti sọ ọ̀rọ̀ náà fún bàbá ẹ̀, àbí àgbà kàn ń sọ ti àgbà ni. Mo wo ọ̀ọ́kán níbi tí wọ́n ti ń yan ẹja. Ìyàwó mi ń yí ẹja padà lórí ààrò, ó ń fi ọwọ́ lásán yí i, bíi pé iná ò jó o.

"Lọ tún un rò," Bàbá ní. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í la òwú ẹ̀ lọ.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló fún mi ní èsì kejì, mi ò sì bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ọkọ̀ yẹn ti sú u ni. Kó rì kó kúkú sinmi lọ́wọ́ ẹ̀." Mi ò gbé ìyẹn lọ bá Bàbá o. Ẹ̀rù bà mí pé ó lè jẹ́ òun gan-an ni èsì. Tó bá jẹ́ òun ni, a jẹ́ pé wọ́n ti ń sọ fún mi látàárọ̀ pé ìyàwó mi ti rí mi tó, pé kí n lọ jókòó.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ọjà kejì, ìyá ìyàwó mi wá sílé wa. Màmá ò jókòó. Ó mu omi lórí ìdúró, ó ní, "Ọkọ ọmọ mi, ó ní kí n wá bá òun gbé ẹ̀rọ ìránṣọ òun." Mo bá a gbé e jáde, mo bá a so ó mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà tó gbé e wá, mo tiẹ̀ fún wọn ní okùn. Mò ń dẹ́rìn-ín pa ọlọ́kadà. Ìgbà tí wọ́n lọ tán, mo padà wọlé, mo rí ojú ibi tí ẹ̀rọ yẹn wà lórí sìmẹ́ńtì, ihò ẹsẹ̀ ẹ̀ mẹ́rin àti ìdọ̀tí òwú tó ká a mọ́. Mo jókòó tì í. Obìnrin lè fi aṣọ sílẹ̀, ó lè fi ìkòkò sílẹ̀. Télọ̀ tó bá ti ránṣẹ́ mú ẹ̀rọ ẹ̀, kí ló tún kù tó máa padà wá mú?

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ti wà lójú ọ̀nà. Mi ò ní èsì kankan lẹ́nu. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí n lọ dọ̀bálẹ̀, kí n má dìde títí wọ́n á fi gbé mi kúrò níbẹ̀ bí igi. Mo tiẹ̀ dé akoto ọ̀kadà mi, èmi tí mi kì í dé e, torí ó ṣe mí bíi pé ọjọ́ burúkú ni, kí n má lọ fún un láyè.

Èbúté dá páro. Gbogbo wọn ti gba ọjà lọ. Kò sí ọkọ̀ níbi tí mo máa ń jókòó sí, ojú ibẹ̀ nìkan ló kù lórí iyẹ̀pẹ̀. Mo wo ojú omi. Imú ọkọ̀ Bàbá ló yọ síta, kò ju ìbú ọwọ́ kan lọ. Ìyókù ti wà nísàlẹ̀.

Kí n má purọ́ fún ẹ, inú mi dùn. Mo ní, Ọlọ́run, o ti gbọ́ tèmi. Àlọ́ ò ní rí mi gbéṣe mọ́: ọkọ̀ gidi ló ń rì yìí, ọkùnrin gidi ló sì dúró síbí, mi ò ní jọ òmùgọ̀ inú àlọ́ yẹn tó ń wòran. Mo bọ́ ṣòkòtò, ó ku pátá. Mi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Mo wọ omi.

Omi ọyẹ́ tutù débi pé èémí mi kọ̀ láti jáde. Ó mù mí dé àyà. Mo fi ẹsẹ̀ wá ọkọ̀ náà, mo bẹ̀rẹ̀, mo ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀, mo bá òkúta. Òkúta ńlá. Mo gbé e jù síta. Mo tún bá òmíràn. Mo bá òkúta bíi mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá nínú ọkọ̀ yẹn, wọ́n tò ó tẹ̀lé ara wọn láti imú dé ìdí, bí ẹni to iṣu sínú àká. Ìwọ gbọ́ mi: orí mi rí òkúta tí wọ́n tò, kò bi ara ẹ̀ pé ta ló tò ó. Ohun tí mò ń sọ lọ́kàn ni pé odò yìí mà burú o, odò tó ń sọ òkúta sínú ọkọ̀ ọlọ́kọ̀.

Ìgbà tí òkúta tán, ọkọ̀ gbérí díẹ̀, mo wọ́ ọ wá síbi tí omi ti mọ lórúnkún. Mo wá ohun tí màá fi gbọ́nmi. Kò sí igbá. Mo bọ́ akoto orí mi. Mò ń gbọ́n, ó ń wọlé padà láti ojú pákó tó là. Mò ń gbọ́n, ó ń wọlé. Ọwọ́ mi kú. Mò ń bá ọkọ̀ yẹn sọ̀rọ̀ bí ìgbà tí mo bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀: "Dìde. Dìde jàre. Kí ló ń ṣe ẹ́? Dìde." Oòrùn ti gòkè dáadáa kí n tó wọ́ ọ gun orí iyẹ̀pẹ̀. Mo jókòó tì í, mò ń gbọ̀n, mo gbé akoto lé orúnkún. Mò ń ronú ohun tí Bàbá máa sọ. Mo tiẹ̀ ti ń dá a lóhùn: Ẹ má dúpẹ́, sà, iṣẹ́ àna ni.

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ dé. Ó gbé kòròbà dání, ó wá pọnmi. Àṣé òun ò bá wọn lọ sọ́jà. Ó dúró, ó ń wo èmi tòun ti pátá, ó ń wo akoto, ó ń wo ọkọ̀.

"Kí lẹ ṣe yìí?"

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ látọjọ́ yìí nìyẹn.

"Ọkọ̀ Bàbá rì. Mo gbà á là."

Ó gbé kòròbà sílẹ̀. Ó rìn yí ọkọ̀ ká. Ó ki ìka bọ ojú pákó tó là, omi ń ti ibẹ̀ ṣàn jáde.

"Bàbá ló rì í. Ọyẹ́ ti fọ́ ọ, ó ní kó wà lábẹ́ omi kí pákó ẹ̀ mu omi yó, kó wú, kó fi ara ẹ̀ pa ojú dé. Ọjọ́ kẹrin ẹ̀ nìyí. Ta ló ní kẹ́ ẹ gbé e jáde? Kò tíì pé."

"Mi ò mọ̀..."

"Kò tíì pé! Ẹ ti gbé e jáde, kò tíì pé!"

Ìgbà tó máa sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, kò wo ọkọ̀ mọ́. Ó jókòó sórí iyẹ̀pẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mú, ó bú sẹ́kún. Ẹkún yẹn, mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Ó ti wà nínú ẹ̀ láti ọsibítù, èmi ni mò ń fi rédíò àti móòtì dé e lórí. Mo ní àwàdà kan lẹ́nu nígbà yẹn o, nípa akoto, àwàdà tó dáa gan-an. Ó ti dé ètè mi. Mo gbé e mì. Ó gbé mi lọ́fun bí egungun ẹja. Mo sún mọ́ ọn, mi ò fọwọ́ kàn án, mi ò ní kó má sunkún mọ́. Mo kàn jókòó. Mi ò tíì ṣe iṣẹ́ tó le tó bẹ́ẹ̀ rí, ọkọ̀ tí mo gbọ́n ò le tó o.

Àárín ẹkún yẹn ni Bàbá àti Màmá ti ọjà dé. Màmá fẹ́ sáré wá, Bàbá dì í lọ́wọ́ mú. Wọ́n dúró lọ́ọ̀ọ́kán títí ẹkún fi dín kù. Bàbá wá wo ọkọ̀ ẹ̀. Ó wo àwọn òkúta ẹ̀ nínú odò. Ó wo akoto.

"Bàbá," mo ní, "mo ti mọ èsì àlọ́ yẹn."

"Mò ń gbọ́."

"Ọkùnrin yẹn ló fọwọ́ ara ẹ̀ rì í. Ó ti gbẹ, ó ti là. Tó bá gbà á là, ó ti bà á jẹ́ nìyẹn."

Bàbá wá mi orí sí i. "O já a. Mú ìyàwó ẹ."

Ìyàwó mi gbójú sókè. Ojú ẹ̀ ti wú. Ó ń wò mí, kò sọ pé òun ń lọ, kò sọ pé òun ò lọ. Ó rẹ̀ ẹ́. Ká ní mo ní kó dìde, ó máa dìde, ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Ohun tí mo ti ń tọrọ látìgbà yìí ti wà lọ́wọ́ mi.

"Rárá, Bàbá," mo ní. "Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ dá ọkọ̀ padà."

Mo tún wọ omi. Mo ti ọkọ̀ náà wọlé, mo tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí omi fi kún un. Mò ń fi ẹsẹ̀ wá òkúta ọ̀kọ̀ọ̀kan tí mo ti jù nù bí akọni. Bàbá dúró létí omi, ó ń wò mí, kò wọ omi, kò ké sí ẹnì kan. "Ọjọ́ mẹ́rin tó ti lò tẹ́lẹ̀, ó ti lọ nìyẹn," ó ní. "A ó tún kà á láti orí ọ̀kan." Òkúta kan wà lórí iyẹ̀pẹ̀ tí mi ò rí. Ìyàwó mi ló gbé e. Ó wọ omi dé orúnkún, ó nà án sí mi.

"Ìdí ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ gbé e sí," ó ní. "Imú ti wúwo jù."

Èmi nìkan ló padà sí Ìlaròó.

Gbogbo ọjọ́ ọjà lẹ́yìn náà ni mò ń lọ. Kò sí ọkọ̀ tí màá jókòó lé mọ́, ilẹ̀ ni mò ń jókòó sí, mi ò mú èsì kankan lọ, wọn ò sì bi mí ní nǹkan kan. Nígbà míì ìyàwó mi á wá jókòó, nígbà míì kò ní wá. A óò máa wo imú ọkọ̀ yẹn lójú omi. Lọ́jọ́ kan, ó dédé ní, "Ó jọ yín létí." Mi ò bi í pé ta ni. Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì ti bi mí bóyá mo fẹ́ rí ọmọ náà, mo ti sọ pé rárá, mo ní mò ń kánjú. Ọmọ mi ní etí, etí tèmi, mi ò sì wò ó. Ọjọ́ yẹn ló kàn mí láti sunkún, ìyàwó mi ò sì ní kí n má sunkún.

Ọjà mẹ́ta ni ọkọ̀ Bàbá lò lábẹ́ omi. Ìgbà tí wọ́n gbé e jáde, ojú pákó ẹ̀ ti pa dé, wọ́n fi òwú àti ọ̀dà tẹ̀ ẹ́, kò jo ẹ̀kán kan. Mo rò pé ìyàwó mi á bá mi lọ lọ́jọ́ yẹn. Kò bá mi lọ. Mo ní mo ti gbọ́n tán, àmọ́ mo sunkún láti Òkè-Ọ̀dàn délé, àwọn aṣọ́bodè ò tiẹ̀ dá mi dúró. Èèyàn kì í ṣe pákó. Kò sí ẹni tó mọ iye ọjà tó máa lò.

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ kí n tó gbọ́ tí ọ̀kadà dúró níwájú ilé. Òun ni, òun àti ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀. Ó ti fi aṣọ yẹ́lò yẹn rán ìbora fún ẹ̀rọ náà, ó ṣẹ́tí ẹ̀ dáadáa, ó fi okùn dì í nísàlẹ̀.

"Ẹ gbé e wọlé," ó ní. "Ó wúwo."

Mo gbé e wọlé. Mo gbé e sí ojú ihò ẹsẹ̀ ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lórí sìmẹ́ńtì, tí mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbá.

Akoto yẹn ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, lórí ìṣó. Fọ́ọ̀mù inú ẹ̀ ò gbẹ dáadáa mọ́ láti ọjọ́ yẹn, tó o bá gbé e súnmọ́ imú, odò Yewa ló ń rùn. Àwọn oníbàárà máa ń bi mí ìdí tí mo fi so ó kọ́ tí mi ò dé e. Mo máa ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín nípa ẹ̀, ẹnu mi ò kúkú tíì kú. Àmọ́ tí ẹnìkan bá wọlé tí ojú ẹ̀ rí bí ojú ìyàwó mi nígbà yẹn, màá fa àga fún un. Màá gbé sípánà sílẹ̀. Màá jókòó tì í, màá sì dákẹ́, ọwọ́ mi á máa yún mi láti gbọ́nmi.